Ẹsẹ̀ Tó Ti Jẹ́rìí

Ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé, tẹ́ ẹ ń wòkè wolẹ̀ pé iṣẹ́ wo lẹ máa ṣe jẹun, ẹ sún mọ́bí díẹ̀. Mi ò ní ọgbọ́n ìwé kankan tí mo fẹ́ fún yín o. Èsì ìdánwò àṣejáde tèmi dà bíi nọ́ńbà fóònù, kò sì sẹ́ni tó máa gbé e téèyàn bá pè é. Bàbá mi wo bébà yẹn títí, wọ́n ní, "Ṣé orúkọ ẹ nìkan lo kọ tó tọ̀nà níbẹ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ibẹ̀ ni ìwé mi parí sí. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọrùn-ẹsẹ̀ ni, àbí orúnkún, àbí ìka ọwọ́ tó yẹ̀, ẹ fìdí balẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi tọ́jú.

Dókítà Tówẹ̀lì ni wọ́n ń pè mí. Èmi kì í ṣe dókítà. Tówẹ̀lì yẹn nìkan ni òótọ́ inú orúkọ náà. Ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́dọ̀ wa ní Òkòkòmáíkò níbí tó ń jẹ́ Agbọ́n. Kòkòrò tó ń ta èèyàn ni wọ́n ní lọ́kàn o, kì í ṣe agbọ̀n tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí. Àwọn tó kórìíra wa ló máa ń pè wá ní agbọ́n tí kò rí agbọ̀n. Wọ́n ń wá ẹni tó máa máa gbé tówẹ̀lì fáwọn eléré, mo kúrú, mi ò lè gbá bọ́ọ̀lù, mi ò sì níbi tí mò ń lọ. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má bi mí ní iye tí wọ́n ń san. Ẹni tó bá fẹ́ lówó kì í gbé tówẹ̀lì.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Sájẹ́ńtì là ń pè wọ́n. Wọ́n ti tọ́jú àwọn sójà tó fara pa ní báráàkì Ọ̀jọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wá sọ́dọ̀ wa. Sájẹ́ńtì ò gbà kí n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ èèyàn kankan. Ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ni wọ́n ní kí n máa di báńdéèjì mọ́.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń dì í, sà."

"Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ so mọ́lẹ̀ ni? Tú u!"

Mo tú u. Mo tún dì í.

"Ẹ̀jẹ̀ ò ní lè gbabẹ̀ kọjá. O ti pa bẹ́ǹṣì. Tú u!"

Oṣù gbáko lórí oṣù, mò ń dì, mò ń tú. Àwọn eléré á máa kọjá, wọ́n á ní, "Dókítà, ara bẹ́ǹṣì ńkọ́?" Èmi náà á ní ó ti ń jẹun. Kò sí bẹ́ǹṣì kankan ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó tó gbádùn ìtọ́jú tó yẹn, síbẹ̀, ó padà kán, torí pé èmi ni mo jókòó lé e.

Òfin Sájẹ́ńtì kan wà tó fẹ́ẹ̀ lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní tí eléré bá ṣubú lórí pápá, mi ò gbọdọ̀ kí i ní pẹ̀lẹ́. Ẹ gbọ́ o! Àwa tó jẹ́ pé téèyàn bá fẹsẹ̀ kọ ní Ìbà, àwọn tó wà ní Igbó-Elérin á ti máa sọ pé pẹ̀lẹ́! Ìdíje tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ, ọmọ wa kan ṣubú, ó ti ń dìde bọ̀. Ẹnu mi ò gbọ́ òfin. Mo fò sókè, "Háà! Pẹ̀lẹ́ o! Ẹ pẹ̀lẹ́!" Ọmọ náà wo ojú mi, ó wo orúnkún ara rẹ̀, ó padà sùn sílẹ̀. A gbé e jáde ni.

Sájẹ́ńtì kó mi ní ìkó lórí, kò! "Ara rẹ̀ ò tíì mọ̀ pé òun ṣèṣe. Ìwọ lo lọ fi tó o létí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnu ni ìdajì rẹ̀. Àwọn eléré wa kì í fi ẹnu ara wọn pe àìsàn. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé ṣé ó ń dùn yín, "A dúpẹ́" ni. Ẹsẹ̀ á wú, "Ara le koko!" Onígbàgbọ́ á ní òun ti gba ìwòsàn, mùsùlùmí á ní alihamudulilaahi, orúnkún àwọn méjèèjì á sì máa ké bí ìlẹ̀kùn tí kò lépo. Sájẹ́ńtì ló kọ́ mi pé kí n má bèèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ gan-an ni kí n bèèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ wo ló ń bínú lónìí?" Ẹ ò rí i, ẹsẹ̀ ló ń bínú, ẹlẹ́sẹ̀ ò ṣàìsàn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Tòsì ń kùn díẹ̀, Bàbá." Àṣírí ti tú.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn ò ní sọ̀rọ̀ láéláé. Ti irú wọn, Sájẹ́ńtì ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ lè purọ́ fún ẹ, ẹsẹ̀ ò mọ irọ́ í pa. Lọ wò ó níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀." Èmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn eléré lọ jọ́sìn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí ní Ìbà, mò ń wo ẹni tí kò lè ká orúnkún dáadáa tó bá jókòó lórí ẹní. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń wo ẹni tí kò fò nígbà orin ìyìn. Àwọn aládùúgbò rò pé mò ń wá Ọlọ́run lójú méjèèjì. Lémọ́ọ̀mù kan tiẹ̀ dì mọ́ mi, wọ́n ní inú àwọn dùn. Inú tèmi ò dùn. Orúnkún Fátáì, ọmọ wa tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú, ni mo ti rí pé kò ká.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, yìnyín tí à ń gbé lé ibi tó wú, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja dídì la ti ń rà á. Ẹ lè gbá bọ́ọ̀lù bí idán, tẹ́ ẹ bá délé, òórùn ẹja títù ni ìyàwó yín máa gbọ́. Wàhálà tó dá sílẹ̀ nínú ilé àwọn kan, ó ju èyí tó dá sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni téèpù alálẹ̀mọ́ dé, ó sì lé báńdéèjì wọlé. Sájẹ́ńtì ti sinmi nígbà yẹn, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Ẹgbẹ́ wá gba ọmọbìnrin kan tó kàwé nípa iṣan àti eegun, Bùkọ́lá, Físíò là ń pè é. Ó gbé ẹ̀rọ kan wá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara tí iná á máa ta iṣan wìnnìwìnnì. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ lórúnkún ara mi. Mo yí bọ́tìnì rẹ̀ dópin. Ẹsẹ̀ mi ta nǹkan dànù, mo sì ka Sáàmù tí mi ò mọ̀ pé mo mọ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àtìgbà náà ló ti ń pè mí ní "ọ̀gá mi". Èmi àti ẹ̀ mọwọ́ ara wa. Ó mọ ohun tó wà nínú ẹsẹ̀, èmi mọ ilé ẹni tó gbé ẹsẹ̀ náà.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti sáà tó fẹ́ẹ̀ pa mí.

Ìdajì sáà la dé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan bí èso tí kòkòrò jẹ. Ọ̀kan, ẹ̀yìn. Ọ̀kan, èjìká. Ẹni kẹta, ìka rẹ̀ yẹ̀ nígbà tó ń ti géètì ilé rẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe orí pápá. Fátáì ń fi orúnkún kan àbọ̀ sáré. Ipò kejì láti ìsàlẹ̀ la wà, ẹgbẹ́ méjì ló sì máa já kúrò nínú líìgì. Alága wa ti sọ ọ́ gbangba pé bí a bá já, òun máa kọ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ sórí pápá náà, kí oníkálukú wáṣẹ́ lọ. Kóòṣì ò sùn mọ́. Tó bá ti rí mi láàárọ̀, kò ní kí mi, ohun tó máa sọ ni, "Bàbá, mélòó ló dúró?" Mo ti di àgbà tí kò ní ìwé, tó jẹ́ pé tówẹ̀lì nìkan ló mọ̀ ọ́n gbé. Gbọ̀ngàn ayẹyẹ wo ló máa gbà mí?

Ẹni tí gbogbo wa wá gbójú lé ni Máńú, òpó wa, ọmọ gíga tó máa ń dúró lábẹ́ agbọ̀n tí bọ́ọ̀lù kì í kọjá rẹ̀. Ó ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gúnlẹ̀ lódì nínú ìdíje kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní ó ti sàn. Físíò tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá o. Ara le koko."

Físíò fà mí sẹ́yìn. "Ọ̀gá mi, ojú ẹ̀ ń sọ ohun tí ẹnu ẹ̀ ò sọ. Tí iṣan yẹn bá ti ya díẹ̀, tó tún fò lé e kó tó jinná, ó lè já pátápátá. Tó bá já, ó lè má gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé. Mi ò lè fipá mú un jẹ́wọ́. Ẹ̀yin, ẹ bá mi wò ó."

Ìdíje wa di Ọjọ́rú. Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ẹ̀, mo gba Igbó-Elérin lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni Máńú ń lọ. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í wọ bàtà tí wọ́n bá ti wọ sùtánà. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì wọn nìyẹn. Kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè sá sí. Èmi náà bọ́ bàtà lẹ́nu géètì, àtàǹpàkò mi yọjú nínú ìbọ̀sẹ̀ tó ti ya, obìnrin tó ń gbàlejò wò ó, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin méjèèjì."

Máńú yọ lókèèrè, ó funfun báláú, ó ga bí òpó iná. Mi ò wo ojú ẹ̀. Ọrùn-ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì, etí àtẹ́lẹsẹ̀ ló sì fi ń tẹlẹ̀. Mo ní bóyá mo ti wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Nígbà tó di orin ìyìn, ẹni tó ń darí gbé gbohùngbohùn, ó ní, "Arákùnrin wa Emmánúẹ́lì tó jẹ́rìí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé Olúwa wo ẹsẹ̀ òun sàn, ẹ jáde wá jó fún Baba!" Ìjọ hó. Máńú jáde, ó jó. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló fi jó. Wọ́n rò pé àrà ni. Ọ̀dọ́ méjì ti ń fara wé e.

Lẹ́yìn ìsìn, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

"Bàbá Tówẹ̀lì! Ẹ̀yin náà rèé? Ọlọ́run ṣeun, ẹ ti rí ìmọ́lẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ẹ ni mo rí."

Ẹ̀rín ojú ẹ̀ kú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu yín sọ ọ́. Mo ti jẹ́rìí."

"Jẹ́rìí pé kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Pé ó ti sàn."

"Ṣé ó ti sàn?"

"Ó ń sàn bọ̀."

"Ó ń sàn bọ̀ kọ́ lo sọ nínú gbohùngbohùn."

Ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ro yanrìn. "Nígbà tí wọ́n gbàdúrà sí i, ìrora yẹn lọ ní tòótọ́, Bàbá. Mi ò purọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló padà wá. Wọ́n sì ti háyà bọ́ọ̀sì báyìí, gbogbo ìjọ ló ń bọ̀ wá wò mí lỌ́jọ́rú. Tí wọ́n bá bá mi lórí bẹ́ǹṣì ńkọ́? Wọ́n á ní mo fi Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́. Àti pé tí mi ò bá gbá a, a máa já. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Mo mọ̀. Ohun tó ń jẹ mí nínú gan-an nìyẹn. Tí mo bá sọ fún Kóòṣì, ẹgbẹ́ lè já, iṣẹ́ gbogbo wa á lọ, tèmi á ṣíwájú. Tí mo bá dákẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ á já lójú mi. Ẹyin lọ̀rọ̀, òun ti ju tiẹ̀ sílẹ̀, ó wá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tó wú gbé e kó má fọ́. Ọpọlọ mi tí kò gbé mi kọjá ìdánwò ò rí ọ̀nà kankan. Mo kàn di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo ní, "Ó yá, ká lọ bá Ìyá Àdúrà."

"Bàbá, ẹ máa dójú tì mí!"

"Ó ti mọ́ mi lára. Èmi lojú máa tì."

Ìyá Àdúrà jókòó sórí àga kékeré lẹ́yìn ilé àdúrà, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ìyá arúgbó ni, wọn ò kánjú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí. Máńú kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan ṣoṣo. Màmá wo ọrùn-ẹsẹ̀ yẹn, wọ́n wò ó títí. Mo ní wọ́n máa lé mi síta.

Wọ́n ní, "Emmánúẹ́lì, ìgbà wo ni ìwòsàn ẹ dé?"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá."

"Ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ọwọ́ ni. Wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ, o ti fẹ́ rán an lọ pọnmi?" Wọ́n fẹ́ èèpo ẹ̀pà dànù. "Gbé e jókòó. Jẹ́ kó mu ọyàn."

Ó tán. Mo wo Máńú, omi ti kún ojú ẹ̀. Òun gan-an ló fẹnu ara ẹ̀ sọ fún Kóòṣì lọ́jọ́ Ajé pé ẹsẹ̀ òun ò tíì tó fò. Kóòṣì jókòó sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni tí wọ́n yọ iṣan ẹ̀.

"Bàbá, mélòó ló dúró?"

"Mẹ́fà. Tẹ́ ẹ bá ka Fátáì ní odindi."

Ó fọwọ́ bo ojú. Nígbà tó yá, ó kó gbogbo wa jọ. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Ẹni tó bá gbá a tán tó pàdánù, póìntì kan ló máa gbà. Ẹni tí kò bá lè gbá a dópin, òdo. Ẹ̀yin ẹ ṣáà ti rí i pé a bá wọn dé fèrè ìkẹyìn."

Ọjọ́rú, bọ́ọ̀sì ìjọ dé, aṣọ funfun kún orí àga. Ẹgbẹ́ tó wá bá wa, àwọn géńdé tí ara wọn dá ṣáṣá ni. Wọ́n nà wá. Èmi ò ní tan yín jẹ, wọ́n nà wá bí aṣọ tó dọ̀tí. Ọ̀kan nínú tiwa ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, réfírì lé e jókòó. Ó ku márùn-ún. Iṣan fa ẹlòmíì, èmi àti Físíò sáré lọ gbé e. Ó ku mẹ́rin. Orúnkún Fátáì kọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ lọ tọ bọ̀, kò sì gbà kí n yọ òun. Máńú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di itan mi mú débi pé àpá ìka ẹ̀ hàn níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wọlé. Díẹ̀ báyìí. Mi ò ní fò."

"Wàá fò. Ìwọ ga, bọ́ọ̀lù ga, wàá fò."

Ọkùnrin kan lọgun láti orí àga, "Máńú! Ṣebí o ní ó ti sàn!"

Ojú Máńú wálẹ̀. Mo rí i tó ń tú okùn aṣọ ìgbaradì ẹ̀, mo dì í mú, agbára mi ò sì tó. Ìgbà yẹn ni ohùn Ìyá Àdúrà jáde láàárín àwọn aláṣọ funfun, "Ó ti sàn! Ó ń sinmi ni! Ìwọ tí ẹsẹ̀ ẹ le, sọ̀ kalẹ̀ wá gbá a!" Ẹ̀rín bú. Ọkùnrin náà jókòó. Máńú náà jókòó.

Ẹni mẹ́rin péré ló kù nínú pápá nígbà tí fèrè fọn. Iye tí wọ́n fi jù wá lọ, ẹ má bèèrè. Àmọ́ a gba póìntì kan yẹn, Kóòṣì sì sunkún lórí ẹ̀ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Lẹ́yìn náà, à ń fa ara wa lọ. A jáwé olúborí níbì kan, a pàdánù níbòmíì. Físíò ń bá Máńú ṣe eré ìmárale díẹ̀díẹ̀: ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó rìn lórí yanrìn, ó sáré, kò fò. Tó bá ti sọ pé ara le, Físíò á ní, "Ta ló bi ẹ́?" Òun á rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè jẹun dáadáa. Ìyàwó mi ní, "Ṣé ẹsẹ̀ tìẹ ni?" Mo ní ì bá sàn kó jẹ́ tèmi, tèmi ò wúlò.

Ìdíje tó kẹ́yìn sáà dé. Tá a bá jáwé olúborí, a ò já. Tá a bá pàdánù, gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Póìntì kan tá a gbà lỌ́jọ́rú yẹn ló jẹ́ kí àyè ṣì wà fún wa. Físíò ní Máńú lè wọlé. Èmi ni mo lẹ téèpù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́, mo tú u, mo tún lẹ̀ ẹ́, débi pé ó ní, "Bàbá, ṣé kí n bá yín lẹ̀ ẹ́?"

Ayò wa bá tiwọn dọ́gba, àkókò ti fẹ́ tán. Fátáì, tí wọ́n ti ní kó sinmi, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sókè sí Máńú. Ó tẹ orúnkún, ó fò. Èèyàn ńlá yẹn kúrò nílẹ̀ pátá. Mi ò mí. Ó pẹ́ lókè, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wá balẹ̀: ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, gìdìgbà, méjèèjì pọ̀, kò yẹ̀, kò tẹ̀, kò wó. Ọrùn-ẹsẹ̀ dúró gbọnyin. Èémí jáde lẹ́nu mi, mo fi tówẹ̀lì bojú.

Ariwo ti gbalẹ̀. Àwọn èèyàn ń fò, Kóòṣì ti dojú bolẹ̀, ó ń dúpẹ́, Físíò ń gbá mi lẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ, ìyẹn ni iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo fa Fátáì láṣọ, mo ní:

"Ṣé ó wọlé?"

"Bàbá! Ẹ ò wò ó ni?"

Mo ní, "Níbo ni n bá ti rójú wo bọ́ọ̀lù?"